SysInfoCap.exe, DDVDataCollector.exe: Ọmọ Agbo Ilé Wo Ni Wọ́n Nínú Kọ̀ǹpútà Yín?

Ẹ ra láptọ́ọ̀pù HP tuntun. Ẹ ò tíì fi ohunkóhun sí i. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager ṣí, ẹ sì rí SysInfoCap.exe, AppHelperCap.exe, NetworkCap.exe àti DiagsCap.exe níbẹ̀. Ẹ ò pe ìkankan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, wọ́n á tẹ End task, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Àmọ́ HP ló ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ ẹ bá sì fi End task pa wọ́n, wọ́n á jí padà, bóyá lójú ẹsẹ̀, bóyá nígbà tẹ́ ẹ bá tún tan ẹ̀rọ.

Orúkọ ètò kì í sọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì lè pe tirẹ̀ ní SysInfoCap.exe, bí àjèjì ṣe lè wọ̀lú kó ní Adébáyọ̀ lòun ń jẹ́. Bí àjèjì bá dé, à á bi í pé agbo ilé wo ló ti wá, ta ló mọ̀ ọ́n, ta ló sì rán an níṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe fún ètò kọ̀ǹpútà: fódà wo ló ń gbé, ta ló buwọ́ lù ú, kí ló ń jí i. Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè.

Fódà wo ló ń gbé?

Nínú Task Manager, ẹ lọ sí Details. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máúsì tẹ ìlà òkè tí wọ́n kọ Name àti PID sí, ẹ yan Select columns, ẹ wá máàkì Image path name àti Command line. Láti ìgbà yẹn lọ, ojú kan lẹ ó ti máa rí ibùgbé gbogbo wọn. Bí ibi tó yẹ kẹ́ ẹ rí àdírẹ́sì bá ṣófo, Windows ò fún yín láṣẹ láti wò ó ni. Ẹ ti Task Manager, kẹ́ ẹ sì tún un ṣí pẹ̀lú Run as administrator.

Ohun tẹ́ ẹ ó rí fún SysInfoCap.exe á jọ èyí:

C:\Windows\System32\DriverStore\FileRepository\hpcustomcapcomp.inf_amd64_…\x64\SysInfoCap.exe

DriverStore ni àká tí Windows ń kó driver sí, ìyẹn àwọn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ohun èlò inú ẹ̀rọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà jánganjàngan tó tẹ̀ lé amd64 máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ibi tó yẹ kí ojú yín lọ ni hpcustomcapcomp.inf: inú driver HP ni ètò yìí ti wá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa wúlò tó bá di pé a fẹ́ yọ ọ́.

Ètò tó ń gbé inú Program Files tàbí System32 ní ẹni tó fún un láṣẹ kó tó débẹ̀, torí pé ẹni tí kì í ṣe administrator ò lè kọ nǹkan sínú wọn. Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ fura sí ni èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ láti inú Temp, láti inú Downloads, tàbí láti inú fódà kan nínú AppData\Roaming tí orúkọ rẹ̀ ò nítumọ̀. AppData nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé olè ni, nítorí àwọn app gidi bíi Zoom máa ń gbé níbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ àwọn afarawé: svchost.exe ti Windows ò kúrò ní System32 tàbí SysWOW64. Bẹ́ ẹ bá rí i níbòmíràn, tàbí tẹ́ ẹ rí scvhost.exe tí wọ́n ti pààrọ̀ lẹ́tà rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wádìí títí. Ẹ ṣí Windows Security kẹ́ ẹ sì ṣe Microsoft Defender Offline scan.

Ta ló buwọ́ lù ú?

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ètò náà, ẹ yan Open file location, kẹ́ ẹ wá ṣí Properties fáìlì ọ̀hún, ẹ lọ sí Digital Signatures. Orúkọ tẹ́ ẹ ó máa rí níbẹ̀ ni HP Inc., Dell Inc tàbí Dell Technologies Inc., Lenovo, ASUSTeK COMPUTER INC., Acer Incorporated. Àwọn tó ń gbé DriverStore lè ní Microsoft Windows Hardware Compatibility Publisher dípò orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Kò burú bẹ́ẹ̀, Microsoft ló máa ń buwọ́ lu driver kẹ́yìn.

Nígbà mìíràn Digital Signatures ò ní sí níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ fáìlì náà mọ́. Ìdí ni pé ìbuwọ́lù rẹ̀ wà nínú fáìlì mìíràn tí driver gbé wá. PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ sí Windows, mọ bó ṣe máa wá a:

Get-AuthenticodeSignature "àdírẹ́sì fáìlì náà" | Format-List Status, SignerCertificate

Bó bá sọ pé Valid, ìbuwọ́lù náà pé. NotSigned túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó dúró fún un. HashMismatch ló burú jù: ẹnì kan ti tọwọ́ bọ fáìlì náà lẹ́yìn tí wọ́n ti buwọ́ lù ú.

Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ lo Get-FileHash lórí fáìlì náà, ẹ da ọ̀rọ̀ gígùn tó bá jáde kọ, kẹ́ ẹ fi wá a lórí VirusTotal. Kò sídìí láti gbé fáìlì gan-an sókè, dátà yín ò sì ní lọ. Ó lé ní 70 ẹ̀rọ ayẹ̀wò tó ń dáhùn níbẹ̀. Bí ọ̀kan tàbí méjì tí ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn rí bá pariwo tí àwọn yòókù dákẹ́, àṣìṣe tiwọn ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ má sì rò pé ìbuwọ́lù ti parí ọ̀rọ̀. Láàárín oṣù Okúdù àti oṣù Bélú ọdún 2018, àwọn ọ̀daràn rí ọ̀nà wọ inú ASUS Live Update, ètò tí ASUS fi ń gbé update wá, wọ́n sì fi ojúlówó ìbuwọ́lù ASUS pín fáìlì onímájèlé fáwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ ààbò Kaspersky ló tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 2019, tó pè é ní ShadowHammer. Láti ẹnu ọ̀nà iwájú ni olè náà gbà wọlé.

Kí ló ń jí i?

Ohun márùn-ún ló lè máa jí ètò: Startup, Task Scheduler, service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀), driver, àti BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn) fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn ló ṣe ń le sí i láti yọ.

Ìkejì àti ìkẹta ló máa ń mú káwọn èèyàn sọ pé ètò kan “kì í kú”. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ services.msc, ẹ ṣí service náà, kẹ́ ẹ wo Recovery. Tí wọ́n bá ti kọ Restart the Service síwájú First failure, Windows fúnra rẹ̀ ló ń jí i, torí ó gbà pé ńṣe ló ṣubú lójijì. End task nìkan kì í sábà borí ìyẹn.

Láti rí gbogbo service tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe ti svchost, ẹ ṣí PowerShell kẹ́ ẹ fi èyí sí i:

Get-CimInstance Win32_Service | Where-Object { $_.State -eq 'Running' -and $_.PathName -notmatch 'svchost' } | Sort-Object PathName | Format-List Name, DisplayName, StartMode, PathName

Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé kan náà á tò léra wọn, torí pé fódà la fi tò wọ́n. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí mẹ́rin àkọ́kọ́ pa pọ̀, ẹ gba Autoruns lórí ojú ewé Sysinternals ti Microsoft. Nínú Options, ẹ máàkì Hide Microsoft Entries, kẹ́ ẹ sì máàkì Verify Code Signatures nínú Scan Options. Ìlà aláwọ̀ ìyeyè ni fáìlì tí kò sí mọ́. Aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni èyí tí kò ní ìbuwọ́lù tó dájú. Àkókù ètò tí wọ́n yọ láìyọ tán ló pọ̀ jù nínú àwọn ìyeyè, kì í ṣe ewu.

Àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé

Ti HP la fi bẹ̀rẹ̀. Nínú services.msc, ẹ ó rí wọn bíi HP System Info HSA Service, HP App Helper HSA Service, HP Network HSA Service àti HP Diagnostics HSA Service. Ìránṣẹ́ ni wọ́n fún àwọn app bíi myHP. App tó wá láti Microsoft Store ò láṣẹ láti máa tú inú ẹ̀rọ wò fúnra rẹ̀, service yìí ló ń bá a ka ohun tó wà níbẹ̀. Bẹ́ ò bá lo app HP, ẹ lè dá gbogbo wọn dúró. Èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ ni HP Insights Analytics, tí fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ TouchpointAnalyticsClientService.exe: ó ń kó ìròyìn nípa ẹ̀rọ yín jọ ránṣẹ́ sí HP. Ní oṣù Bélú 2017, ariwo sọ nígbà táwọn oníbàárà rí i pé ó ti jókòó sínú ẹ̀rọ wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Ọ̀kan tún wà lórí EliteBook àti ProBook tó máa ń da orí èèyàn rú: LanWlanWwanSwitchingServiceUWP.exe. Bẹ́ ẹ bá ti ki wáyà LAN bọ ẹ̀rọ, ó máa pa Wi-Fi. Kì í ṣe pé Wi-Fi bàjẹ́. Ẹ dá service náà dúró, kẹ́ ẹ sì wo inú BIOS bóyá LAN/WLAN Auto Switching wà níbẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Dell ló kún jù. SupportAssistAgent.exe, ti SupportAssist, app ìtọ́jú ẹ̀rọ Dell, ni olórí ẹbí. DDVDataCollector.exe àti DDVRulesProcessor.exe ń gbé C:\Program Files\Dell\DellDataVault, iṣẹ́ wọn ni kíkó àkọsílẹ̀ ìlera ẹ̀rọ jọ fún SupportAssist. Dell.TechHub.exe àtàwọn SubAgent rẹ̀ wá tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì lè gba ráàmù ju bó ṣe yẹ lọ lórí ẹ̀rọ tí kò ní ju 8 GB. Àmọ́ èyí tó ń jẹ àyè lórí dísìkì kì í hàn nínú Task Manager. Ẹ lọ wo ibí yìí:

C:\ProgramData\Dell\SARemediation\SystemRepair\Snapshots

Ibẹ̀ ni Dell SupportAssist Remediation ń tọ́jú ẹ̀dà Windows yín pamọ́ sí. Lórí SSD 256 GB, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí àyè bá ń tán láìnídìí. Ẹ má fọwọ́ pa fáìlì inú rẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ sì fi ètò náà sílẹ̀, torí á tún un ṣe. Inú SupportAssist ni kẹ́ ẹ ti pa System Repair, tàbí kẹ́ ẹ yọ Remediation kúrò.

Lenovo ní System Interface Foundation Service, tó ń ṣiṣẹ́ láti C:\Windows\Lenovo\ImController\Service. Orúkọ fáìlì rẹ̀ ni Lenovo.Modern.ImController.exe. Alárinà ni láàárín ẹ̀rọ àti Lenovo Vantage. Lóṣù Ọ̀pẹ 2021, wọ́n kéde ihò kan nínú rẹ̀ tí ẹni tó bá ti wọ ẹ̀rọ lè gbà di ọ̀gá pátápátá, ẹ̀dà 1.1.20.3 ló dí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ImController sílẹ̀, ẹ rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ kò rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ti Acer rọrùn. QASvc.exe jẹ́ ti Quick Access, ACCSvc.exe jẹ́ ti Care Center, UBTService.exe sì jẹ́ ti User Experience Improvement Program, tó jẹ́ atọpinpin. Ẹ yọ ìkẹta yìí.

Ti ASUS, bíi AsusUpdateCheck.exe tó ń gbé inú System32, nílò àlàyé tirẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Àwọn tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Kì í ṣe gbogbo ètò olórúkọ àjèjì ló jẹ́ àfikún tí kò wúlò. esif_uf.exe, ti Intel, ló ń darí ooru àti agbára iná nínú láptọ́ọ̀pù. Lórí Lenovo, LITSSvc.exe ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bẹ́ ẹ bá pa wọ́n, fáànù lè máa pariwo láìdúró, tàbí kí ẹ̀rọ máa falẹ̀ bí ìgbín, ẹ ò sì ní rántí pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ fà á lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. RtkAudUService64.exe ti Realtek àti WavesSysSvc64.exe tó wà lórí Dell jẹ́ ti ohùn. Láìsí wọn, ẹ lè ki earpiece bọ ẹ̀rọ kí ohùn ṣì máa jáde láti ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. SynTPEnh.exe àti ETDCtrl.exe jẹ́ ti tọ́ọ̀ṣìpáàdì. Èyíkéyìí tó bá ní Hotkey lórúkọ ló ń mú kí bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀ àti ti ohùn ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, driver ohùn pàápàá ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Lóṣù Èbìbí 2017, modzero, ilé iṣẹ́ ààbò kan ní Switzerland, rí i pé MicTray64.exe, ètò Conexant tó wá lórí àwọn láptọ́ọ̀pù HP kan, ń kọ gbogbo bọ́tìnì tí èèyàn bá tẹ̀ sínú C:\Users\Public\MicTray.log, títí kan ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Àṣìṣe ẹni tó kọ ètò ni, HP sì gbé àtúnṣe jáde. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti àsìkò yẹn tí ẹ ò sì tíì ṣe update driver rẹ̀ rí, ẹ lọ wo bóyá fáìlì yẹn wà níbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni update, kì í ṣe kẹ́ ẹ yọ driver ohùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yọ wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ibi ìpadàsí. Ẹ kọ Create a restore point sínú Start, ẹ tẹ Configure, ẹ yan Turn on system protection, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dísìkì tó. Ẹ wá tẹ Create. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pípa ni wọ́n pa á wá, kò sì sẹ́ni tó ń mọ̀ àfìgbà tó bá nílò rẹ̀.

Bàbá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe ọmọ. Ní Settings, Apps, Installed apps, ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Lórí Dell, ẹ lè rí Dell SupportAssist, Dell SupportAssist Remediation àti Dell SupportAssist OS Recovery Plugin for Dell Update gẹ́gẹ́ bí ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá yọ àkọ́kọ́ nìkan ò tíì rí àyè kankan gbà padà. McAfee tó máa ń bá ẹ̀rọ wá ní irin iṣẹ́ ìyọkúrò tirẹ̀ tó ń jẹ́ MCPR. Ẹ lò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ ní Settings.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni service. Nínú services.msc, Manual ò tó, ètò mìíràn ṣì lè pè é dìde. Disabled ni kẹ́ ẹ yan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ Stop. Àwọn tó fẹ́ràn àṣẹ kíkọ lè lo èyí nínú PowerShell tí wọ́n fi agbára administrator ṣí:

sc.exe config HPSysInfoCap start= disabled

Ẹ má yọ .exe kúrò lára sc. Nínú Windows PowerShell, sc lásán jẹ́ orúkọ mìíràn fún Set-Content, fáìlì ló máa kọ fún yín, service náà á sì wà bó ṣe wà. Àlàfo tó wà lẹ́yìn àmì dọ́gbadọ́gba náà ṣe pàtàkì.

Ẹyọ kan tàbí ẹbí kan ni kẹ́ ẹ dá dúró lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ wá lo ẹ̀rọ fọ́sẹ̀ kan: ẹ pa á dé kẹ́ ẹ jí i, ẹ ki earpiece bọ̀ ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀, ẹ lo bátìrì láìsí iná. Ẹni tó bá pa service mẹ́rìnlá lálẹ́ ọjọ́ kan ò ní mọ èyí tó gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àwọn HSA ti HP, ẹ fi wọ́n sí Disabled kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Lóòótọ́ ẹ lè yọ wọ́n nínú Device Manager, lábẹ́ Software components, àmọ́ Windows Update á ṣàkíyèsí pé driver kan ò sí níbẹ̀ mọ́, á sì tún un gbà wálé, pẹ̀lú dátà yín. Ẹ má sì lọ fọwọ́ pa fódà rẹ́ nínú DriverStore. Windows ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ á wà, fáìlì ò ní sí, update tó kàn á sì dúró sójú kan. Lẹ́yìn update ńlá, ẹ padà wo service wọ̀nyẹn, torí ẹ̀dà tuntun lè dá wọn padà sí Automatic.

Ohun kan tún wà tí ń mú kí app ilé iṣẹ́ máa wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí Hardware, ẹ ṣí Device Installation Settings, ẹ yan No.

Tẹ́ ẹ bá yọ SupportAssist tàbí Vantage, ẹ̀yin lẹ ó máa wá update BIOS kiri báyìí. Ẹ má gbàgbé rẹ̀. Get-CimInstance Win32_BIOS | Select-Object SerialNumber, SMBIOSBIOSVersion á fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀rọ àti ẹ̀dà BIOS, ẹ fi wá a lórí ojú ewé ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú fọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gbé Windows tuntun sí i láti inú flash 8 GB. Ó dáa, nọ́ńbà àṣẹ Windows wà nínú BIOS láti ìgbà Windows 8, á dá ara rẹ̀ mọ̀ tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba driver Wi-Fi àti ti Intel VMD, èyí tó ń jẹ́ kí Windows rí dísìkì, sórí flash náà. Windows tuntun lè má mọ káàdì Wi-Fi yín, kó sì ní òun ò lọ síwájú láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel ìran kọkànlá àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ó tiẹ̀ lè sọ pé òun ò rí dísìkì kankan. Dísìkì ò bàjẹ́, driver VMD ni kò sí.

Èyí tó ń ti inú BIOS wá

Windows 8 mú ohun kan wá tó ń jẹ́ WPBT. Ó gba ilé iṣẹ́ láàyè láti fi ètò kan sínú BIOS, Windows á gbé e síta bíi C:\Windows\System32\wpbbin.exe, á sì ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn. Bẹ́ ẹ fọ dísìkì, bẹ́ ẹ pààrọ̀ dísìkì, á padà wá. Lenovo lò ó lọ́dún 2015 fún Lenovo Service Engine, kí wọ́n tó gbé irin iṣẹ́ jáde láti yọ ọ́. Lórí bọ́ọ̀dù ASUS, ọ̀nà yìí náà ni AsusUpdateCheck.exe ń gbà wọlé: nínú BIOS, ẹ lọ sí Tool, ẹ ṣí ASUS Armoury Crate, ẹ fi Download & Install ARMOURY CRATE app sí Disabled.

Bí BIOS yín ò bá ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀, àṣẹ yìí, nínú PowerShell tí ẹ fi agbára administrator ṣí, á sọ fún Windows pé kó má gbà á láàyè:

reg add "HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\Session Manager" /v DisableWpbtExecution /t REG_DWORD /d 1 /f

Bẹ́ ẹ bá tún gbé Windows tuntun sí i, àṣẹ náà ti lọ nìyẹn, ẹ tún un kọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú BIOS, ẹ kọ manage-bde -status sínú PowerShell yẹn náà. Bí Protection bá wà ní On, BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa, lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 lọ́wọ́ yín bẹ́ ẹ bá jáde. Ẹ lọ wá a sílẹ̀ nínú àkáǹtì Microsoft yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹni tí kò bá ní i á pàdánù gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì.

Fún ẹni tó ń ra tòkunbọ̀

Lórí Latitude, EliteBook àti ThinkPad tí wọ́n ti lò ní ilé iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè kó tó dé Computer Village, ẹ lè rí rpcnetp.exe tàbí rpcnet.exe. Ti Absolute ni wọ́n, tó ń jẹ́ Computrace tẹ́lẹ̀: ètò tí ilé iṣẹ́ ń sanwó fún kí wọ́n lè wá ẹ̀rọ wọn rí tàbí kí wọ́n tì í pa láti ọ̀nà jíjìn. Inú BIOS lòun náà ń gbé. Tẹ́ ẹ bá pa fáìlì rẹ̀ rẹ́, á padà. Bí olówó ẹ̀rọ bá ti tan án, BIOS ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn pa á. Ilé iṣẹ́ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lè tú u.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọ BIOS: F2 lórí Dell, F10 lórí HP, F1 lórí ThinkPad. Ẹ wá Absolute tàbí Computrace lábẹ́ Security. Tó bá wà ní Activated tàbí Active, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìwé tí ilé iṣẹ́ fi yọ̀ǹda ẹ̀rọ náà. Tí kò bá ní, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún un. Bí ti BIOS bá mọ́, ẹ ní kó fọ Windows níwájú yín, kẹ́ ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín nígbà tó bá ń ṣètò. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ kan bá yọ lójú rẹ̀ tó ń béèrè email iṣẹ́, Autopilot, ètò Microsoft tí ilé iṣẹ́ fi ń forúkọ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, ṣì mọ ẹ̀rọ náà sí tiwọn. Windows tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi èyí hàn, ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kẹ́ ẹ gba ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣètò tán fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù.